Ẹ̀ka tí mo pa rẹ́ nínú registry láì béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ṣètò rẹ̀

Iléyá ku ọ̀sẹ̀ méjì nígbà tí màmá kan mú rìsíìtì rẹ̀ padà wá bá mi láti ọjà ẹja Olúwo. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn ìyá tó ń ta ẹja ní Ẹ̀pẹ́ níbí. Yàrá kan ṣoṣo la fi ṣe ọ́fíìsì ní Òkè Bálógun, láptọ́ọ̀pù kan la ní, Excel la sì fi ń ṣe gbogbo ìwé owó wa, àti ti owó tí wọ́n ń dá, àti ti owó tí wọ́n yá. Màmá yìí ti dá 15,000 náírà láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ojú ẹ̀ ni mo ti tẹ owó náà sínú ìwé rẹ̀, tí mo sì tẹ rìsíìtì jáde fún un. Nígbà tó dé ìsọ̀ rẹ̀, ó ní kí ọmọ òun bá òun kà á. 15,000 wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àpapọ̀ tó wà nísàlẹ̀ ìwé kò fi kọ́bọ̀ kan lé ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Ó gbé ìwé náà ka iwájú mi, ó ní, "Akọ̀wé, owó mi dà?"

Mo ṣí ìwé rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Àpapọ̀ tó wà níbẹ̀ pé pérépéré, 15,000 náà ti wọ inú rẹ̀. Mo yí ojú kọ̀ǹpútà sí i, mo ní kí ó wò ó. Ó wo ibẹ̀, ó wo bébà ọwọ́ rẹ̀, ó tún wo ojú mi. Mo tẹ òmíràn jáde fún un. Ó gbà á, ó dúpẹ́, ó lọ, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ẹni tó bá ti bá àwọn ìyá ọjà ṣiṣẹ́ rí yóò mọ ohun tí mò ń sọ. Èyí tí kò mọ̀wé kà nínú wọn lè sọ iye tó ti dá láti ààwẹ̀ èṣí fún ọ láìwo ibì kankan. Bí ìwé ọ́fíìsì bá yàtọ̀ sí ohun tó wà lórí rẹ̀, ìwé ọ́fíìsì ló ní ẹjọ́ láti rò.

Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, àwọn bí i márùn-ún ti mú irú ẹjọ́ kan náà wá. Bákan náà ni ó ń rí: bébà dín, kọ̀ǹpútà pé. Mo kọ́kọ́ rò pé èmi ni ọwọ́ mi ń ṣe àṣìṣe nítorí ọ̀pọ̀ èrò. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ ìṣirò ro gbogbo nǹkan lẹ́ẹ̀mejì. Oorun kò kùn mí mọ́.

Ó yẹ kí n sọ pé kọ̀ǹpútà náà ti ń fi àpẹẹrẹ hàn mí tipẹ́tipẹ́. Oṣù kẹjọ nìyẹn tí mo ti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ akọ̀wé tó wà níbẹ̀ ṣáájú mi. Láràárọ̀ tí mo bá ti ṣí Excel, nǹkan méjì ni yóò ṣẹlẹ̀. Àkọ́kọ́, ìwé orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yóò ṣí fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé mo pè é. Ìkejì, àpótí kékeré kan yóò jáde tí yóò sọ pé òun kò rí fáìlì kan ní àyè ìpamọ́ tó ń jẹ́ E:, bóyá wọ́n ti gbé e kúrò, tàbí wọ́n ti yí orúkọ rẹ̀ padà, tàbí wọ́n ti pa á rẹ́. Mo máa ń tẹ OK bí ẹni lé eṣinṣin. Bí mo ṣe bá ilé ni, mo gbà pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà.

Ní báyìí tí ọ̀rọ̀ ti di ọ̀rọ̀ owó, mo gbé e lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Kò tilẹ̀ jókòó tì í. Ó ní inú registry ni àìsàn náà wà, kí n lọ pa ẹ̀ka Excel rẹ́ pátápátá níbẹ̀, pé Excel fúnra rẹ̀ yóò kọ́ tuntun. Kò purọ́ o. Òótọ́ ni pé bí o bá pa ẹ̀ka yẹn rẹ́, Excel yóò tún un kọ́ nígbà tó bá ṣí, bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í sórí kọ̀ǹpútà. Ohun tí kò sọ ni pé gbogbo ohun tí ẹnikẹ́ni ti ṣètò sínú ilé àtijọ́ yóò bá a wó.

Fún ẹni tí kò bá tíì débẹ̀ rí: registry ni ibi tí Windows àti àwọn ètò orí kọ̀ǹpútà ń kọ púpọ̀ nínú ohun tí a bá ti ní kí wọ́n máa ṣe sí. Kí Windows 95 tó dé, inú àwọn fáìlì kéékèèké tí orúkọ wọn parí sí .ini ni púpọ̀ nínú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń wà, káàkiri. Bí o bá tẹ Windows àti R pọ̀, tí o kọ regedit, tí o tẹ Enter, o ti dé ojú rẹ̀. Ó jọ àwọn fódà lápá òsì, ó jọ ìlà orúkọ lápá ọ̀tún. Kò sí bọ́tìnnì "fi pamọ́" níbẹ̀, kò sì sí "dá a padà." Bí o bá ti fọwọ́ kan nǹkan, ó ti ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Mo kà á bẹ́ẹ̀ lóòótọ́ lọ́jọ́ náà kí n tó wọ ibẹ̀, síbẹ̀ mo wọ ibẹ̀ bí ẹni tí kò kà á.

Mo tọ̀ ọ́ lọ: HKEY_CURRENT_USER, Software, Microsoft, Office. Mo bá 14.0, mo bá 16.0. Mo pa Excel tó wà lábẹ́ 14.0 rẹ́, kò sí ohun tó yí padà. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé Office 2010 ló ń jẹ́ 14.0, ó kàn ṣẹ́ kù síbẹ̀ ni. 2016, 2019, 2021 àti Microsoft 365, gbogbo wọn ló ń lo 16.0. Mo bọ́ sí 16.0, mo tẹ Excel, mo tẹ Delete. Ó bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Mo ṣí Excel. Kíá ló ṣí. Kò sí àpótí kankan, ìwé orúkọ kò ṣí fúnra rẹ̀. Mo tẹ owó sínú ìwé ẹnì kan láti fi dán an wò, àpapọ̀ sì yí padà lójú mi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀. Mo pe Àlájà, ààrẹ ẹgbẹ́ wa, mo ní wàhálà ti parí. Ó gbàdúrà fún mi lórí fóònù, ó ní Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ọpọlọ mi ó gbẹ.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni mo ṣí ìwé ẹ̀yáwó. Ẹnì kan wá san díẹ̀ nínú gbèsè rẹ̀. Bí mo ṣe tẹ owó náà wọlé, ibi tí èlé rẹ̀ wà di #NAME?, ohun tí Excel máa ń kọ bí kò bá mọ orúkọ kan nínú ìṣirò. Mo rò pé mo ṣèèṣì tẹ nǹkan. Mo bọ́ sí ìlà ẹlòmíràn, #NAME? náà ni. Ìlà tí mo bá ti fọwọ́ kàn ni èlé rẹ̀ ń parẹ́. Mo gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà. Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ náà. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ìpàdé gbogbogbòò, níbi tí a óò ti ka gbèsè àti èlé oníkálukú fún un, kí àwọn tó fẹ́ yá owó àgbò tó yá a. Òógùn bò mí.

Mo pe Bàbá Akọ̀wé. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pe ẹni tó wà lórí iṣẹ́ náà ṣáájú mi, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde.

"Ẹ káàsán o, sà."

"Akọ̀wé mi. Ṣé àlàáfíà ni? Ṣé kò sí o?"

Mo rò ó fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọn kò dá mi dúró. Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, "Kí lo pa rẹ́ gan-an?"

"Gbogbo ẹ̀ka Excel, sà."

"O ha kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀?"

"Rárá, sà."

"Ọmọ mi, èmi ni mo fi àwọn nǹkan tó wà níbẹ̀ síbẹ̀. Kò sí ọ̀kan tó dédé débẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju èébú lọ. Wọn kò pariwo mọ́ mi. Wọ́n fara balẹ̀ ṣàlàyé fún mi bí olùkọ́ ṣe ń ṣe, ìgbà yẹn ni mo tó mọ inú ilé tí mo ti ń gbé fún oṣù mẹ́jọ.

Ìwé orúkọ tó ń ṣí fúnra rẹ̀, wọ́n ní àwọn ló ṣe é bẹ́ẹ̀, nítorí pé òun ni wọ́n ń kọ́kọ́ lò láràárọ̀. Nínú Excel, bí o bá lọ sí File, Options, Advanced, tí o wá ìsàlẹ̀ dé General, ibì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ "At startup, open all files in" sí. Fódà tí o bá kọ síbẹ̀, gbogbo fáìlì inú rẹ̀ ni Excel yóò máa ṣí bó bá ti jí. Nínú registry, ìlà tí ọ̀rọ̀ yẹn ń gbé ni AltStartup, nínú Options lábẹ́ ẹ̀ka Excel. Yàtọ̀ sí ìyẹn, Excel ní fódà tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní XLSTART, tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà.

Láyé ìgbà tiwọn, kọ̀ǹpútà náà ń fà. Bí wọ́n bá tẹ nọ́ńbà kan, yóò máa ṣírò títí tí ara yóò fi ta wọ́n. Ni wọ́n bá ní kí ìwé orúkọ yẹn dẹ́kun ṣíṣe ìṣirò fúnra rẹ̀, kí ó máa dúró di ìgbà tí wọ́n bá tẹ F9. Wọ́n fi í pamọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mi ò mọ̀, tí mo rò pé ọ̀pọ̀ ẹni tó ń lo Excel lójoojúmọ́ kò mọ̀, nìyí: ìwé tó bá kọ́kọ́ ṣí ni Excel ń wò láti mọ̀ bóyá kí òun máa ṣírò fúnra òun tàbí kí òun dúró de F9. Gbogbo ìwé tó bá ṣí lẹ́yìn rẹ̀ yóò tẹ̀ lé e. Ìwé orúkọ wa ló ń kọ́kọ́ ṣí láràárọ̀, nítorí náà gbogbo ìwé owó tí mo ń ṣí lẹ́yìn rẹ̀ ló dúró de F9 tí èmi kò tẹ̀ rí. Bàbá ń tẹ̀ ẹ́ láràárọ̀, ó ti mọ́ wọn lọ́wọ́ débi pé wọn kò rántí sọ ọ́ fún mi nígbà tí wọ́n ń fi iṣẹ́ lé mi lọ́wọ́.

Báwo wá ni kọ̀ǹpútà ṣe máa ń pé nígbà tí bébà bá dín? Mo bi wọ́n. Wọ́n ní kí n sọ bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́. Mo ní mo máa tẹ owó, mo máa tẹ rìsíìtì jáde, lẹ́yìn náà ni mo máa fi ìwé pamọ́. Wọ́n ní ó dáa, bí Excel bá wà lórí dídúró de F9, ó ṣì máa ń ṣírò kí ó tó fi ìwé pamọ́, àyàfi bí èèyàn bá ní kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà bébà ti jáde pẹ̀lú àpapọ̀ àná, kí ìṣirò tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí oníbàárà bá padà dé, mo ti fi ìwé pamọ́, gbogbo rẹ̀ ti pé. Lórí fóònù yẹn ni mo ti rántí ọ̀rọ̀ kékeré kan tó máa ń wà nísàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà, ní igun òsì: Calculate. Mo ti ń rí i fún oṣù mẹ́jọ. Mo rò pé orúkọ nǹkan kan ni. Excel ló ń sọ fún mi pé ìṣirò kan ń bẹ nílẹ̀ tí òun kò tíì ṣe.

Ìwé ẹ̀yáwó wá ńkọ́? Bàbá ti kọ add-in kékeré kan, ìyẹn ètò àfikún tí a máa ń so mọ́ Excel, tó ń ṣírò èlé bí òfin ẹgbẹ́ wa ṣe là á kalẹ̀. Ìlà kan tó ń jẹ́ OPEN, nínú Options kan náà, ló ń sọ fún Excel pé kí ó gbé add-in náà dìde. OPEN1 tó tẹ̀ lé e ni èyí tó ń wá fáìlì ní E:. Wọ́n ti dán add-in kan wò látorí fíláàṣì nígbà kan, wọ́n yọ fíláàṣì, wọ́n gbàgbé ìlà náà síbẹ̀. Ìyẹn nìkan ni ìdọ̀tí nínú gbogbo ohun tí mo gbá dànù.

Ọpẹ́ ni pé ìlà tó ń pe add-in ni mo pa rẹ́, add-in fúnra rẹ̀ ṣì wà nínú fódà AddIns, lábẹ́ AppData tí Windows máa ń fi pamọ́ lójú ẹni. Wọ́n ní kí n lọ sí File, Options, Add-ins, kí n tẹ Go nísàlẹ̀, kí n mú àmì sí orúkọ rẹ̀. Mo mú un, mo tún ìlà àkọ́kọ́ tẹ̀, èlé jáde. Mo dúpẹ́ títí. Bí mo ṣe gbé fóònù sílẹ̀ ni iná lọ. Bátìrì láptọ́ọ̀pù wa kì í gbé e dúró mọ́, ló bá kú pẹ̀lú iná.

A tan jẹnẹrétọ̀. Mo ṣí Excel. #NAME?.

Mi ò pe Bàbá padà lójú ẹsẹ̀, mo jókòó, mo ro ó fúnra mi, mo sì wò ó nínú regedit. Kò sí ìlà OPEN níbẹ̀. Àmì tí mo mú, inú Excel nìkan ló wà. Ìgbà tí Excel bá ń pa dé wọ́ọ́rọ́wọ́ ló ń kọ orúkọ àwọn add-in sínú registry, iná kò sì jẹ́ kí ó pa dé. Mo tún un mú, mo pa Excel dé, mo wo regedit, mo rí OPEN pẹ̀lú ojú ara mi, kí n tó tún un ṣí. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé bí mo bá ṣètò nǹkan nínú Excel, mo gbọ́dọ̀ pa á dé kí n tó kúrò nídìí rẹ̀. Níbi tí iná ti ń ṣe bó ṣe wù ú, ẹ̀kọ́ yìí ṣe pàtàkì ju bí àwọn tó kọ ìwé ìtọ́ni ṣe rò lọ.

Ìwé orúkọ, mo ní kí ó máa ṣírò fúnra rẹ̀, mo sì fi í pamọ́ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ Jímọ̀, mo tẹ rìsíìtì gbogbo ẹni tó dá owó ní ọ̀sẹ̀ náà jáde lọ́tun, mo gbé e lọ sí Olúwo fúnra mi, mo ń gba ìsọ̀ dé ìsọ̀. Mo sọ fún wọn pé kọ̀ǹpútà kò ṣírò kí bébà tó jáde, pé owó ẹnikẹ́ni kò sọnù, kí wọ́n dárí jì mí. Màmá tó kọ́kọ́ wá bá mi ń ha ìpẹ́ èpìyà lọ́wọ́. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó ní kí ọmọ òun kà á. Ọmọ náà kà á. Ó ní, "Ẹ̀n-ẹ̀n, òun nìyẹn. Èmi mọ̀ pé o ò lè jẹ owó mi." Mi ò mọ̀ bóyá ó ti mọ̀ ọ́n láti àárọ̀ ọjọ́ yẹn lóòótọ́. Ó fún mi ní ẹja méjì.

Lẹ́yìn Káyókáyó, ọdún Ẹ̀pẹ́ tó máa ń tẹ̀ lé Iléyá, ọmọ Àlájà tó ní ilé ẹja dídì pè mí. Kọ̀ǹpútà tiwọn náà ń béèrè fáìlì tí kò sí, tiwọn sì burú jù, nítorí pé Excel ń dákú kí èèyàn tó lè dé Options. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní kí ẹ kàn pa gbogbo ẹ̀ rẹ́." Mo ní kí ó ní sùúrù.

Mo kọ́kọ́ tẹ Windows àti R, mo kọ excel /safe. Bí a bá ṣí i báyìí, kì í gbé add-in tàbí fáìlì ìbẹ̀rẹ̀ kankan dìde. Ó ṣí láìsí wàhálà, mo mọ̀ pé Excel fúnra rẹ̀ kò ṣàìsàn, nǹkan tó ń gbé dìde láàárọ̀ ló ń dà á láàmú. Mo pa á dé. Mo wọ Task Manager, níbi tí Windows ti ń fi àwọn ètò tó ń ṣiṣẹ́ hàn, mo sì bá EXCEL.EXE kan tó ṣì ń mí lẹ́yìn tí kò sí Excel kankan lójú. Mo dá a dúró. Ẹni tó bá ń tún ìlà ṣe nínú registry nígbà tí Excel ṣì wà láàyè ń ṣiṣẹ́ lásán, torí bí Excel náà bá fẹ́ pa dé, yóò kọ ti àtijọ́ lé e lórí.

Mo wọ regedit, mo tẹ Options ní bọ́tìnnì ọ̀tún, mo yan Export, mo fi ẹ̀dà rẹ̀ sórí fíláàṣì. Mo sọ fún ọmọ náà pé bí a bá tẹ ẹ̀dà yìí lẹ́ẹ̀mejì, yóò dá ohun tó wà tẹ́lẹ̀ padà, ṣùgbọ́n kò ní yọ ohun tuntun tí a bá ti fi kún un lẹ́yìn náà. Mo bá OPEN, OPEN1 àti OPEN2. OPEN1 ló ń pe fáìlì tí kò sí. Mo bi í pé ta ló fi í síbẹ̀, ó ní ẹni tó ta ètò ìṣirò kan fún wọn rí ni, wọn kò lò ó mọ́. OPEN2 ńkọ́? Kò mọ̀. Mo ní kí ó pe ẹni tó mọ̀. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ìyẹn ní òun lòun fi síbẹ̀, òun ló ń bá wọn yí nọ́ńbà padà sí ọ̀rọ̀ lórí rìsíìtì. Mo yọ OPEN1 nìkan, mo wá yí orúkọ OPEN2 padà sí OPEN1. Excel ń kà wọ́n láti orí ti àkọ́kọ́ ni. Bó bá dé ibi tí nọ́ńbà kan ti fò, kì í lọ síwájú mọ́, add-in tí kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni yóò sì dá dúró síta.

Ó ṣí dáadáa. Lọ́jọ́ kejì, ó pè pé ọmọbìnrin tó ń bá wọn tajà ṣì ń rí àpótí náà. Orúkọ tirẹ̀ ló fi ń wọ Windows, HKEY_CURRENT_USER sì jẹ́ ti ẹni tó wà lórí kọ̀ǹpútà lásìkò náà nìkan. Mo padà lọ, mo ṣe tirẹ̀ náà.

Mo ní ìwé kékeré kan báyìí nínú àpótí tábìlì, pẹ̀lú ìwé rìsíìtì. Ojú ewé àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ tí Bàbá Akọ̀wé sọ fún mi lórí fóònù ni mo kọ síbẹ̀: AltStartup, fódà wo, kí ló wà fún, OPEN, add-in èlé, ibi tí fáìlì rẹ̀ wà. Mo ka á sí wọn létí kí n rí i pé mo kọ ọ́ bó ṣe yẹ, wọ́n sì ní kí n fi F9 kún un. Láàárọ̀, tí mo bá ti ṣí Excel, igun òsì ìsàlẹ̀ yẹn ni mo kọ́kọ́ ń wò. Bí mo bá rí Ready níbẹ̀ nìkan, láìsí Calculate, mo máa pe ẹni àkọ́kọ́ wọlé.